Ẹni Tí Kò Bẹ̀rù Ẹyẹ

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọmọkùnrin Oníbúrẹ́dì kú, kò sí ẹni tó gbọ́ igbe. Òjò ń rọ̀. Ọmọ náà jẹun tán, ó ní oorun ń kun òun, ìyá rẹ̀ bá tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá ẹ̀yìn, ó fi aṣọ bò ó, ó sì padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tó wá jí i, kò jí. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sì fajú ro bí ẹni tó jẹ̀rora. Wọ́n gbé e sáré dé ilé ìwòsàn nínú òjò náà, nọ́ọ̀sì gbọ́ àyà rẹ̀, ó sì ní kí bàbá rẹ̀ jókòó kí òun tó sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún méje ni, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣì ń lé ewúrẹ́ kiri àgbàlá.

Kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ délé, àdúgbò ti mọ ẹni tó pa á. Bí àdúgbò ṣe máa ń mọ nǹkan nìyẹn. Obìnrin tí kò tíì mọ ohun tó máa sè lálẹ́ ọjọ́ náà ti mọ ẹni tó ń jẹ ọmọ aládùúgbò rẹ̀.

Ilé búrẹ́dì ni ilé náà. Iwájú ni wọ́n ti ń tà, àárín ni àtíbàbà tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun wà, ẹ̀yìn àtíbàbà ni ààrò ńlá tí bàbá Oníbúrẹ́dì fi bíríkì mọ nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀yìn ààrò yẹn gan-an sì ni yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Ògiri kan ṣoṣo ni ààrò àti yàrá jọ ń lò. Ìdí nìyẹn tí yàrá ẹ̀yìn fi máa ń móoru lásìkò òjò, tí gbogbo ilé sì máa ń du ún. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò jogún ààrò, ó sì lé ní oṣù mẹ́rin tí iná kò fi wọ inú rẹ̀. Ìgbà tí Oníbúrẹ́dì, àkọ́bí wọn, borí, tó dá iná padà síbẹ̀, ni ìyà bẹ̀rẹ̀.

Búrẹ́dì kọ̀, kò pọ́n. Ó ń jóná nísàlẹ̀, ó ń funfun lókè, àwọn oníbàárà ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń fi í sílẹ̀. Oyún bàjẹ́ lára ìyàwó Oníbúrẹ́dì. Orí ń fọ́ tọmọdé tàgbà. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin yẹn kú, kò sì pẹ́ tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, èyí tí wọ́n ń pè ní Kékeré, bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á dúró mọ́. Òun nìkan ló kù fún wọn.

Ẹyẹ sì wà. Èyí kì í ṣe irọ́. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, àwọn ẹyẹ dúdú kéékèèké a máa yí po lókè ilé náà, wọn a máa ké, wọn a sì rì mọ́ òrùlé, a ò ní rí wọn mọ́. Kò sí ilé mìíràn tí wọ́n ń lọ ní gbogbo òpópónà. Onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé búrẹ́dì, a máa fi ìyàrun sílẹ̀ lórí oníbàárà rẹ̀, a máa na ọrùn síta láti wò wọ́n. Ó ní ẹyẹ tó bá mọ ilé ẹni tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyẹ lásán.

Ẹni tí wọ́n ń nàka sí ni ìyàwó tí bàbá Oníbúrẹ́dì fẹ́ kẹ́yìn. Kò bímọ. Àwọn ọmọ ọkọ ló tọ́, ó sì ti wá ń tọ́ ọmọ àwọn ọmọ ọkọ. Òun ló ń po ìyẹ̀fun láràárọ̀, apá rẹ̀ sì le ju ti ọkùnrin mìíràn lọ. Má-Bẹ̀rù ni wọ́n ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni. Ọmọ ṣubú, má bẹ̀rù. Ààrá sán, má bẹ̀rù. Ọkọ rẹ̀ ń kú lọ, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní má bẹ̀rù. Nígbà tí nǹkan ṣì ń dára, wọ́n máa ń fi orúkọ náà dápàárá. Nígbà tí nǹkan yí padà, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́.

Ìbẹ̀rù ti di iṣẹ́ gbogbo ilé. Wòlíì ìjọ tí Oníbúrẹ́dì ń lọ ti gbé òróró wá, wọ́n ti fi kun ilẹ̀kùn, wọ́n ti fi kun fèrèsé, wọ́n ti da iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó kì í jáde nírọ̀lẹ́ láìbo orí. Má-Bẹ̀rù nìkan ni kò fi òróró kan nǹkan kan. Ó ní òun ti fi ayé òun fún Jésù láti ìgbà ọmọge, òun kò sì mọ bí òun á ṣe máa ṣe sí Ẹni tó ń gbé inú òun bí ẹni pé ọlọ́dẹ tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ìjọ kan náà ni òun àti wọn jọ ń lọ. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, ó máa ń kọrin, àmọ́ bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé àjẹ́, tí gbogbo ìjọ ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, Má-Bẹ̀rù a jókòó ti Bíbélì rẹ̀. Ó ní wọ́n ń bá àjẹ́ sọ̀rọ̀ fún ìdajì ọjọ́, wọ́n á wá fi ìwọ̀nba tó kù bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kò wá yé òun ẹni tí wọ́n wá sìn.

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ti ń fura sí. Ojú ẹsẹ̀ ni Onídìrí tú u palẹ̀ fún ìyàwó Oníbúrẹ́dì, bó ṣe ń dì í nírun lọ́wọ́: ta ni kì í bẹ̀rù àjẹ́ bí kò ṣe ẹni tó wà nínú wọn? Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyàwó lára. Ọmọ rẹ̀ kú, kò sí ẹni tó sọ ohun tó pa á fún un, ẹnì kan sì wà nínú ilé tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ń bí i nínú ju ikú náà lọ.

Fèrèsé ló dá ìjà tó le jù sílẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni Má-Bẹ̀rù àti Kékeré jọ ń sùn, Má-Bẹ̀rù kì í sì í lè sùn níbi tí wọ́n bá tì pa. Ó ní àyà máa ń há òun. Gbogbo ìgbà tí ìyàwó bá ti fèrèsé, ṣíṣí ló máa ń padà bá a. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, ta lẹ máa ń ṣí fèrèsé yìí fún?"

Má-Bẹ̀rù ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́. "Atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn tó ní ìyẹ́."

"Ìyàwó mi, wo ọmọ yìí. Ó sùn dáadáa. Kò bì látàná."

"Ó sùn nítorí pé ẹ ṣì yó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ́ ẹ jẹ ò tíì dà nínú yín."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Má-Bẹ̀rù. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí wọ́n tì ṣubú. Ó ní òun lòun kọ́kọ́ fi omi wẹ ọmọ tó kú yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kí Ọlọ́run dárí ji ìyàwó. Ìyàwó ní kó má pe Ọlọ́run sí òun lórí. Mi ò ní parọ́ fún yín, Má-Bẹ̀rù kì í ṣe áńgẹ́lì. Ó jáde lọ sí àtíbàbà, ó sì lu ìyẹ̀fun lọ́jọ́ náà títí tábìlì fi ń rìn kúrò níbi tó wà. Lóòótọ́, Kékeré kò bì. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí.

Onídìrí tún gbé òmíràn wá. Ó ní ilẹ̀ kì í tíì mọ́ dáadáa tí Má-Bẹ̀rù ti máa ń jáde, kó tó wá máa po ìyẹ̀fun, ibo ló ń lọ? Ìyàwó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Má-Bẹ̀rù yà sí ẹ̀yìn ilé Alágbàfọ̀, ó wọ inú yàrá pákó tí wọ́n ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí. Àwọn obìnrin mìíràn ti wà níbẹ̀. Wọn kò tan iná. Ìyàwó fetí lé pákó, ohun tó sì gbọ́ ni pé wọ́n ń dárúkọ òun, wọ́n ń dárúkọ ọkọ òun, wọ́n ń dárúkọ Kékeré, ní ohùn jẹ́jẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré dé ilé láìwọ bàtà.

Ká ní ó dúró díẹ̀ sí i ni, ì bá gbọ́ àmín. Àwọn obìnrin tó ń gbàdúrà fún un ni. Wòlíì ti kà á léèwọ̀ fún ìjọ kí ẹnikẹ́ni máa pàdé gbàdúrà láìsí òun níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fara pamọ́ sáàárín aṣọ ìdọ̀tí. Ohun tí Má-Bẹ̀rù máa ń sọ fún wọn níbẹ̀ kò ju pé kí wọ́n má sá fún ìyà tó bá bá wọn nílé, kí wọ́n mú un wá síwájú Ọlọ́run bó ṣe rí, kí wọ́n sì padà lọ ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn dáadáa. Ó ní béèyàn ṣe ń mọ Ọlọ́run nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, bí ìyàwó tuntun ṣe ń mọ ìwà ilé ọkọ.

Wòlíì wá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà. Kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Ì bá sàn ká ní ẹlẹ́tàn ni, nítorí ẹlẹ́tàn máa ń mọ ibi tó yẹ kó dúró. Èyí gba ara rẹ̀ gbọ́. Ó gbààwẹ̀ lóòótọ́, ó sunkún lóòótọ́, ó sì jókòó sínú pálọ̀ pẹ̀lú ojú tó pọ́n, ó ní a ti fi hàn òun pé ọwọ́ tó ń po búrẹ́dì ilé yìí ló ń po ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ó ní kí Má-Bẹ̀rù jẹ́wọ́, kí wọ́n gbàdúrà ìtúsílẹ̀ fún un, tàbí kó kúrò nílé. Má-Bẹ̀rù ní òun kò ní ohun tí òun fẹ́ jẹ́wọ́. Ìyàwó dìde, ó tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a wí.

Oníbúrẹ́dì fa Má-Bẹ̀rù wọ yàrá tí wọ́n ń kó àpò ìyẹ̀fun sí. Ojú rẹ̀ ti jìn sínú.

"Màámi, ẹ ṣáà sọ ọ́. Gbólóhùn kan ni. Wòlíì á gbàdúrà fún yín, ó parí, ẹ máa wà nílé yín."

"Kí n sọ pé mo pa ọmọ rẹ."

"Kẹ́ ẹ sọ pé nǹkan náà ló lò yín, pé ẹ ò mọ̀."

"Ṣé ìwọ gbà bẹ́ẹ̀?"

Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun kan. "Mi ò mọ ohun tí mo gbà mọ́. Mo ṣáà fẹ́ kí èyí tó kù yè."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó rọrùn fún Má-Bẹ̀rù. Kò ní ọmọ tó máa sá lọ bá. Kò ní yàrá mìíràn láyé yìí. Kékeré, tí kì í sùn bí kò bá di etí Má-Bẹ̀rù mú, wà lẹ́yìn ògiri. Gbólóhùn kan yẹn dé ẹnu rẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

"Ọmọ mi," ó ní, "gbogbo ohun tí mo ní ò ju pé Ọlọ́run mọ̀ mí, èmi náà sì mọ̀ ọ́n díẹ̀. Bí mo bá wá dúró níwájú rẹ̀, tí mo pe ara mi ní ohun tí kò pè mí, ẹnu wo ni mo máa fi gbàdúrà fún ọmọ yẹn?"

Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan, ó jáde. Àwọn èèyàn tò sí ìta wọn láti wò ó. Ẹnì kan da omi ọṣẹ sí i lẹ́sẹ̀, ó ní ọwọ́ òun ló yọ̀. Alágbàfọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbàdúrà, ló gbà á sílé.

Wòlíì kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó ní lílé tí wọ́n lé e kò tíì tó, nítorí yóò padà wá gba ọmọ náà. Ó ní kí wọ́n kan fèrèsé yàrá ẹ̀yìn pa kí ẹyẹ má bàa ráyè, òun, ìyá àti ọmọ yóò wọ inú rẹ̀, wọn yóò máa kọrin ìyìn láìdákẹ́. Àjẹ́ kò ní lè fara dà á. Ó sọ ọ́ létí gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n ṣọ́ ilẹ̀kùn yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá wá kàn án, òun ni àjẹ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pákó mọ́ fèrèsé, ó fi àkísà dí gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ó lọ dá iná, torí búrẹ́dì ọ̀la ń dúró.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Má-Bẹ̀rù kò lè jókòó. Alágbàfọ̀ di aṣọ rẹ̀ mú, ó ní wọ́n ti dẹ pańpẹ́ sílẹ̀ dè é, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń retí. Má-Bẹ̀rù ní òun kò ní kan ilẹ̀kùn. Òun kàn máa dúró lẹ́yìn fèrèsé nínú òjò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí òun, òun á gbàdúrà, òun á sì padà.

Ó dúró síbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Nínú yàrá, ohùn Wòlíì ń lọ nísàlẹ̀, ohùn ìyàwó ń lọ lókè rẹ̀. Ó fetí sí ohùn kékeré tó yẹ kó wà láàárín wọn, kò gbọ́ ọ. Ó rò pé ọmọ náà ti sùn. Orin mìíràn bẹ̀rẹ̀, ohùn ìyàwó sì dákẹ́ láàárín ẹsẹ kan, kò parí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀. Wòlíì ń kọ ọ́ lọ ní tirẹ̀, ó ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, bí ẹni tó ń tòògbé sórí orin, títí òun náà fi dákẹ́. Má-Bẹ̀rù dúró kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Òjò nìkan ló ń gbọ́. Ó pe Kékeré ní ohùn jẹ́jẹ́ láti àlàfo pákó, kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Ẹ̀rù bà á. Obìnrin tí gbogbo ayé ń bú pé kò mọ ẹ̀rù, ẹ̀rù bà á gan-an. Bó bá kan ilẹ̀kùn yẹn, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọwọ́ sí ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì lè pa á kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá padà, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ó wá. Àdúrà rẹ̀ kò gùn, kò sì dùn ún gbọ́. Ó ní, "Olúwa, mi ò fẹ́ lọ." Lẹ́yìn náà ó lọ.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ìkúùkù lu ilẹ̀kùn, ó pariwo orúkọ ọmọ. Ilẹ̀kùn ti wà ní kíkọ́ láti inú. Ó sáré dé ìdí igi ìdáná, ó mú àáké, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í la pákó ilẹ̀kùn. Ooru tó jáde gbá a lójú, ó wúwo, ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀. Kékeré ló kọ́kọ́ gbé, ó sáré tẹ́ ẹ sínú òjò. Ó padà fa ìyàwó jáde lábẹ́ apá. Wòlíì ló kẹ́yìn, Wòlíì kì í sì í ṣe ẹni fífúyẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi wọ́ ọ gba ẹnu ọ̀nà kọjá.

Báyìí ni àwọn èèyàn bá a: àáké nílẹ̀, ilẹ̀kùn ti fọ́, ènìyàn mẹ́ta nà sínú ẹrẹ̀, Má-Bẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ lé ọmọ lórí.

"Wòlíì ti sọ ọ́," Onídìrí ní. "Ó ní ó máa wá. Ó ti wá."

Oníbúrẹ́dì sáré dé láti iwájú ààrò, ó rí ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó sì fún obìnrin náà lọ́rùn. Àwọn kan já a gbà, kì í ṣe nítorí àánú, wọ́n ní kó má tètè kú kó tó jẹ́wọ́ ni. Lákòókò yẹn ni Kékeré bì, ó mí gùlè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyàwó náà ń wúkọ́. Èyí gan-an wá burú fún Má-Bẹ̀rù, torí wọ́n ní ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ ló ṣe tú wọn sílẹ̀. Ọkùnrin méjì fi ẹ̀yìn rẹ̀ gún ògiri. Àwọn mìíràn ti ṣa òkúta. Ẹnì kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa ẹyẹ rẹ̀ lórí òrùlé, bí ẹyẹ bá ti kú, òun náà á kú.

Oníbúrẹ́dì gbé àkàbà. Ó mú ọ̀pá gígùn tó fi ń ti búrẹ́dì sínú ààrò, ó gùn ún lọ nínú òjò.

Àwọn ẹyẹ fò jáde gba iwájú rẹ̀ kọjá láti ẹnu ihò èéfín tí bàbá rẹ̀ mọ sórí ààrò. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ni wọ́n, irú èyí tó máa ń kọ́ ilé sára ògiri ẹnikẹ́ni. Ó ti ọ̀pá bọ inú ihò náà láti lu èyí tó kù, ọ̀pá sì gún nǹkan rírọ̀, kò lọ mọ́. Ó ki apá bọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀ gbígbẹ ni, koríko, ìyẹ́, ìtẹ́ lórí ìtẹ́, ó dí ihò náà pinpin. Ó fà á títí apá rẹ̀ fi kún. Ìyókù já wọ ìsàlẹ̀, èéfín sì rú jáde sí i lójú, ó dúdú, ó nípọn, ó ń lọ sókè tààrà, bí kò ṣe jáde rí láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú.

Ó jẹ́ oníbúrẹ́dì. Kò sí ẹni tó nílò láti ṣàlàyé fún un. Bàbá rẹ̀ kì í dá iná sí ààrò tó bá ti sinmi láìjẹ́ pé ó gbá ihò èéfín, ó ṣe é níṣojú rẹ̀ láti kékeré. Òun, lọ́jọ́ tó borí àwọn àbúrò rẹ̀, ó ń sáré kí wọ́n lè rí èéfín òun, kò gbá nǹkan kan. Ilé tí èéfín ti mọ́ wọn lára tó bẹ́ẹ̀, ta ló máa gbóòórùn rẹ̀ nínú yàrá? Ìdí tí búrẹ́dì kò fi pọ́n nìyẹn. Ìdí tí ọmọ fi kú nìyẹn.

Nísàlẹ̀, wọ́n rí ìyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n hó yèè. Wọ́n ní ó ti pa wọ́n. Òun nìkan ló mọ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ tó dákẹ́, àwọn èèyàn máa ṣe ìyókù, ọmọ rẹ̀ á yè, búrẹ́dì á pọ́n, gbogbo ayé á máa sọ pé ó gba ilé rẹ̀ lọ́wọ́ àjẹ́. Ó pẹ́ lórí òrùlé ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wo Má-Bẹ̀rù láti òkè. Obìnrin náà kò wo òkè. Ọmọ ló ń wò, ètè rẹ̀ ń mì.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rin àárín wọn kọjá, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì kó ìtẹ́ náà sílẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo pa ọmọ mi. Ihò èéfín ti dí, mo dá iná sí i láìgbá a. Èéfín yẹn ló ń wọ yàrá tọ̀ wọ́n lọ."

Wọn kò fẹ́ gbọ́ ọ. Onídìrí ní ẹnì kan ṣáà ló rán ẹyẹ síbẹ̀. Oníbúrẹ́dì ní kò sí ẹni tó rán wọn, ibi tó gbẹ ni wọ́n rí. Wòlíì, tó jókòó ti ògiri pẹ̀lú èébì láyà, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé nínú ẹ̀mí, ọ̀rọ̀ náà lè ní ọ̀nà mìíràn. Oníbúrẹ́dì yíjú sí i.

"Wòlíì, Màámi ló fi ẹsẹ̀ yín wọ́ yín jáde nínú èéfín yẹn. Ẹ sinmi."

Wòlíì wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyàwó ló wá sọ èyí tó pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. Ó ti dìde jókòó, ó ń wo iwájú bí ẹni tí kò rí ẹnikẹ́ni. "Lọ́jọ́ tó kú," ó ní, "òjò ń rọ̀. Màámi ò sí nílé. Èmi ni mo ti fèrèsé."

Ẹni tó ń di òkúta mú kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Wọ́n ń fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀, wọ́n ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ní pẹ̀lẹ́. Onídìrí rántí pé òun fi oníbàárà kan sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Má-Bẹ̀rù gbé Kékeré, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ àtíbàbà. Ibi tí wọ́n ti fún un lọ́rùn ti wú. Oníbúrẹ́dì tẹ̀ lé e, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kó dárí ji òun.

"Inú ń bí mi," Má-Bẹ̀rù ní. "Mi ò ní fi ẹnu lásán sọ pé mo dárí jì ẹ́, torí Ọlọ́run tí mo mọ̀ mọ inú mi, mi ò lè tàn án. Mà á máa bẹ̀ ẹ́ títí tó fi máa fún mi ní ọkàn tí mo fẹ́ fi dárí ji gbogbo yín. Ó ti dárí ji èmi náà rí. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n ṣáà gbé ọmọ."

Kékeré ní ebi ń pa òun. Ó ti pẹ́ tó ti sọ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ìyàwó ló di ògiri mú dìde, tó rọra lọ sínú ilé. Ó padà dé pẹ̀lú ife mílíìkì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mílíìkì náà ń dà sí i lọ́wọ́. Kò lè sún mọ́ ọmọ tó bí. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún, ó kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife.

Má-Bẹ̀rù wò ó, ojú rẹ̀ kò rọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbá ọmọ mọ́ra, ó sún, ó fún ìyàwó láyè lórí bẹ́ńṣì.